Ọjọ́ Àjíǹde tí ṣọ́ọ̀ṣì wọ inú pálọ̀: Màmá Tíṣà wọ aṣọ funfun ní Àkúrẹ́, wọn ò sì rí ibi tí wọ́n máa lọ!

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ku díẹ̀ ni, lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 12, oṣù kẹrin, ọdún 2020. Nínú ilé kan ládùúgbò Òkè-Àró, ní Àkúrẹ́, màmá ẹni ọdún 78 kan ti wẹ̀, wọ́n ti ró aṣọ funfun, wọ́n ti we gèlè, wọ́n sì ti kó Bíbélì, Ìwé Àdúrà àti Ìwé Orin sínú báàgì. Bàtà ló kù tí wọ́n ń wá. Ni ọmọ-ọmọ wọn tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn bá bi wọ́n pé, "Màmá, ibo lẹ ń lọ? Ẹ ṣáà mọ̀ pé wọn ò ṣí ṣọ́ọ̀ṣì." Màmá wo ọmọ náà tìyanu-tìyanu, wọ́n ní, "Ta ló sọ fún ẹ pé mo ń lọ síbì kan? Ọjọ́ Àjíǹde ni. Ṣé kí n wá jókòó níwájú Olúwa láìwọ bàtà ni?" Bí wọ́n ṣe wọ bàtà wọn nìyẹn, tí wọ́n ti inú yàrá bọ́ sí pálọ̀, tí wọ́n sì jókòó síwájú fóònù tí wọ́n gbé ti agolo mílíìkì.

Màmá Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, nítorí iṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ìlú Oǹdó ni wọ́n bí wọn sí, ọkọ ló gbé wọn wá sí Àkúrẹ́. Inú ìjọ Áńgílíkà kan náà ni wọ́n sì wà láti ìgbà náà, lórí ìjókòó kan náà, ìlà kẹta lápá òsì, àwọn àti ọ̀rẹ́ wọn kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ìbejì. Ọ̀dọ́mọdé kankan ò gbọdọ̀ jókòó síbẹ̀. Àlùfáà mẹ́sàn-án ni wọ́n jọ gbà, tí wọ́n sì jọ ṣe ìdágbére fún mẹ́jọ níbẹ̀.

Kò sẹ́ni tó wà ní Nàìjíríà lọ́dún náà tó lè gbàgbé bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 27, oṣù kejì ni wọ́n kéde ẹni àkọ́kọ́ tó kó àrùn Kòrónà wọ Nàìjíríà, òyìnbó Ítálì kan tó gba Èkó wọlé tó sì lọ sí ìpínlẹ̀ Ògùn. Àwọn ará Àkúrẹ́ ṣì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà, wọ́n ní àrùn àwọn tó ń wọ bàálù ni. Ọjọ́ 30, oṣù kẹta ni Ààrẹ Bùhárí ti Èkó, Ògùn àti Àbújá pa. Nígbà tó di ọjọ́ 3, oṣù kẹrin, Gómìnà Rótìmí Akérédolú fúnra rẹ̀ jáde, ó ní àrùn náà ti dé ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹ̀rín bá tán lẹ́nu oníkálukú.

Ọjọ́ Àìkú Àwọn Ìyá, ìyẹn ọjọ́ 22, oṣù kẹta, ni ìjọ Màmá Tíṣà pé jọ kẹ́yìn. Wọ́n jó lọ́jọ́ náà, ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lu! Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ tó yẹ kí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ yí ìgboro ká, inú ilé ni kálukú wà. Ọmọ-ọmọ màmá já imọ̀ mélòó kan, ó sì so ó mọ́ géètì. Ewúrẹ́ aládùúgbò ti jẹ ẹ́ tán kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ Ajé. Ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, kò sí ìsìn oníwákàtí mẹ́ta, kò sẹ́ni tó wọ aṣọ dúdú rìn kọjá. Gálílì ti ọjọ́ Ajé Àjíǹde tí àwọn ọmọdé fi ń yọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kò ṣeé ṣe, nítorí Gálílì kì í ṣe ohun tí èèyàn ń nìkan lọ. Kónílé-ó-gbélé ti gba gbogbo rẹ̀.

Kì í ṣe Àkúrẹ́ nìkan ló bá o. Lọ́jọ́ Àjíǹde yẹn gan-an, inú ilé ìdáná ilé rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ni Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury, Justin Welby, ti ṣe ìsìn fún gbogbo ọmọ ìjọ Áńgílíkà tó bá fẹ́ wò ó. Ní Róòmù, Póòpù Francis ń ṣe tirẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí èèyàn ò sí nínú rẹ̀. Nígbà tí ọmọ-ọmọ màmá fi fídíò Welby hàn wọ́n, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ilé ìdáná rẹ̀ mọ́ o," wọn ò sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìsìn ti ìjọ tiwọn ń lọ dáadáa lórí fóònù. Fíkà wà níwájú, ẹni tó ń tẹ dùùrù wà níbẹ̀, akọrin méjì péré ló sì ń gbé orin. Ibi tó ti kan oúnjẹ Olúwa ni wàhálà dé. Fíkà súre sí búrẹ́dì àti wáìnì. Màmá dìde. Wọ́n ti kó ọwọ́ méjèèjì síwájú, ọ̀tún lórí òsì, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe láti ìgbà tí bíṣọ́ọ̀bù ti gbọ́wọ́ lé wọn lórí, kí wọ́n tó rántí pé fóònù ló wà níwájú wọn. Ọmọ náà ní òun ò mọ ohun tí òun lè ṣe, òun bá ń wo ilẹ̀. Màmá rọra jókòó padà. Kò pẹ́ sí i ni dátà tán.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọmọ wọn ọkùnrin tó ń gbé Èkó pè láti kí wọn kú ọdún. Ṣọ́ọ̀ṣì ìgbàlódé ni òun ń lọ ní tirẹ̀. Ó ní pásítọ̀ àwọn ti sọ pé kí kálukú gbé ohun tó bá wà nílé síwájú tẹlifíṣọ̀n, kó gbàdúrà sí i, kó sì jẹ ẹ́. Ó ní, "Màmá, ẹ bu búrẹ́dì díẹ̀, ẹ rọ sóbò sínú kọ́ọ̀bù, ó ti parí nìyẹn."

"Ta ló fi mí joyè àlùfáà?"

"Màmá, Ọlọ́run mọ ọkàn yín."

"Ó mọ̀ ọ́n. Ó sì mọ sóbò yàtọ̀ sí wáìnì."

Ọmọ náà ò burú, ẹ má bú u. Kò fẹ́ kí ìyá òun sunkún lọ́jọ́ ọdún ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó là sílẹ̀ yẹn, ó ti wà tipẹ́ nílẹ̀ Yorùbá, àwọn àgbà ìjọ tó mọ ìtàn sì mọ ibi tó máa ń já sí. Lọ́dún 1918, àrùn kan tí àwọn baba ńlá ń pè ní Lùkúlùkú gba ọkọ̀ òkun wọ Èkó, ó sì tàn ká gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn kan nínú ìjọ Áńgílíkà St. Saviour, tí Joseph Sadare àti tíṣà obìnrin kan, Sophia Ọdúnlámì, wà lára wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìpàdé àdúrà tiwọn. Àrùn lọ, àdúrà náà ò lọ. Lọ́dún 1922 wọ́n kúrò nínú Áńgílíkà pátápátá, ara ìgbòkègbodò wọn sì ni ìjọ Àpọ́sítélì Kírísítì ti jáde nígbà tó yá. Jósẹ́fù Ayọ̀ Babalọlá alára, ọmọ Áńgílíkà ni. Ẹ̀rọ tí ń tẹ títì ló ń wà lójú ọ̀nà Ìléṣà sí Àkúrẹ́ lọ́dún 1928 nígbà tó ní òun gbọ́ ìpè. Ẹ̀rù tó ń ba àwọn àgbà ìjọ ní 2020 nìyẹn: bí ilẹ̀kùn bá ṣí, ta ló máa padà?

Ẹ̀rù owó náà wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó yé yín. Owó oṣù fíkà, iná, owó tí ìjọ gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sí dáyósíìsì, inú igbá ọrẹ ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Akápò fi nọ́ńbà báǹkì sórí WhatsApp, àwọn kan sanwó, àwọn kan fi àwòrán ọwọ́ àdúrà dá a lóhùn. Màmá Tíṣà ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi fóònù sanwó. Àpòòwé ni wọ́n ń lò. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń fi ọrẹ sínú ẹyọ kan, tí wọ́n ń kọ déètì sí i, tí wọ́n sì ń jù ú sínú agolo bisikíìtì.

Ọjọ́ 17, oṣù kẹrin, Ìyá Ìbejì kú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ó ti pẹ́ lára wọn. Àmọ́ ọjọ́ yẹn kan náà ni Kòrónà pa Abba Kyari, olórí àwọn òṣìṣẹ́ Ààrẹ, nítorí náà kí ilẹ̀ tó mọ́ ni gbogbo àdúgbò ti ní ohun kan náà ló pa ìyá arúgbó. Aládùúgbò ń fi ọwọ́ bo imú kọjá níwájú ilé wọn. Irú ẹnu báyẹn burú jáì! Ìlú Oǹdó ni wọ́n gbé wọn lọ sin lọ́jọ́ kejì, ìwọ̀nba ẹbí, kò sí àìsùn, kò sí Ẹgbẹ́ Ìyá nínú aṣọ ẹgbẹ́, kò sí agogo. Màmá Tíṣà ò lè lọ. Orí fóònù ni wọ́n ti gbọ́ ìró yèèpẹ̀ lórí pósí ọ̀rẹ́ wọn.

Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ oúnjẹ Olúwa ti gba ọ̀nà mìíràn lọ́kàn wọn. Ìyá Ìbejì kú láìgbà á ní Àjíǹde. Bí àwọn náà bá sùn tí wọn ò jí ńkọ́? Wọ́n fà Ìwé Àdúrà olóyìnbó tí wọ́n ti ní láti ìgbà iṣẹ́ tíṣà yọ, irú èyí tí Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí lọ́dún 1662, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ìlànà kéékèèké tí ojú ń fò. Wọ́n rí i níbẹ̀ pé ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún ni ọmọ ìjọ gbọ́dọ̀ gba oúnjẹ Olúwa, Àjíǹde sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan. Èyí mú ẹ̀rù wọn pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n níbi ètò ti aláìsàn, wọ́n rí méjì mìíràn. Èkíní ni pé ẹni tó ronú pìwà dà lóòótọ́, tó gbàgbọ́, tí ìdí pàtàkì ò sì jẹ́ kó rí oúnjẹ náà gbà lẹ́nu, ti jẹ ẹ́ nínú ẹ̀mí. Wọ́n fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì kọ lẹ́tà méjì tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ọ̀rẹ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èkejì ni pé nígbà àjàkálẹ̀ àrùn, tí ẹ̀rù ò jẹ́ kí aládùúgbò wá bá aláìsàn gbà á, àlùfáà nìkan lè wá bá a gbà á tó bá bẹ̀ ẹ́.

Wọ́n pe fíkà. Fíkà ní ẹ̀rù ló ń ba òun, kí òun má lọ fi ọwọ́ òun gbé àrùn wọ ilé àgbàlagbà. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Wọ́n tún ní, "Màmá, aláìsàn ni ìwé náà sọ o." Màmá Tíṣà, tí kò tíì gbà fún ọmọ kankan rí pé ara àwọn ò yá, ní, "Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára mi. Orúnkún ń dùn mí. Ojú ò ríran dáadáa. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Pẹ́ńtíkọ́sì kọjá lọ́jọ́ 31, oṣù karùn-ún. Nínú oṣù kẹfà, ìjọ ṣí, wọ́n fi okùn pín ìjókòó, wọ́n gbé omi àti ọṣẹ sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọmọ màmá ní àwọn ò gbà, àwọn àgbàlagbà ni kí wọ́n ṣì fi sílé. Ọjọ́ 30, oṣù kẹfà, Gómìnà Akérédolú kéde pé Kòrónà ti mú òun. Ọjọ́ 2, oṣù keje, kọmíṣánnà ètò ìlera rẹ̀, Dókítà Wàhábù Adégbénró, kú ní Àkúrẹ́. Kò tún sí ẹni tó bá wọn jiyàn mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni fíkà wá, wọ́n fi ìbòmú bo ẹnu, wọn ò wọlé. Abẹ́ igi máńgòrò inú ọgbà ni wọ́n tẹ́ tábìlì sí. Màmá ti jáde, aṣọ funfun, gèlè, bàtà. Ó tó oṣù mẹ́ta àtààbọ̀ tí wọ́n ti gbà á kẹ́yìn. Wọ́n kó ọwọ́ síwájú, ọ̀tún lórí òsì. Nígbà tí wọ́n gbà á tán, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, fíkà náà dákẹ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí ọmọ-ọmọ wọn gbé agolo bisikíìtì wá. Àpòòwé 15 ló wà níbẹ̀, láti ọjọ́ 29, oṣù kẹta. Mẹ́ta mìíràn tún wà tí wọ́n fi rọ́bà dè lọ́tọ̀. Ọmọ Ìyá Ìbejì ló kó wọn wá láti Oǹdó, ó bá wọn lábẹ́ ìrọ̀rí ìyá rẹ̀. Déètì wà lára wọn: ọjọ́ 29, ọjọ́ 5, ọjọ́ 12.

Fíkà ṣí ìwé ọrẹ, wọ́n bi màmá pé orúkọ ta ni kí àwọn kọ sí mẹ́ta yẹn.

"Orúkọ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ."

"Màmá, wọ́n ti kú."

"Mo mọ̀. Nígbà tó fi wọ́n síbẹ̀, kò tíì kú."