Ọyẹ́ Fẹ́rẹ̀ẹ́ Gba Gìtá Bàbá Mi Lọ́wọ́ Mi

Olóòtú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè kí n fi ọgbọ́n tí mo fowó rà kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó ń ta gìtá.

Gìtá onígi kan ni ogún tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi. Òun ni wọ́n fi ń ṣeré jùjú, òun náà ni wọ́n fi rán mi níléèwé. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, ọyẹ́ mú wa ní Àgbowó débi pé ètè gbogbo wa ń là. Mo ń múra òde ìyàwó kan ní Bódìjà, mo fọwọ́ fa ọrùn gìtá, àfi ẹ̀jẹ̀! Àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn rẹ̀ ti yọrí síta bí eyín ayùn. Bí mo bá ta okùn, ńṣe ló ń kùn bí eṣinṣin.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Dùgbẹ̀. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ ọ̀pá irin inú ọrùn náà, ó dẹ̀ ẹ́ gan-an, ó gbowó. Kíkùn náà lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tójò dé, ọrùn gìtá tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, okùn ga fíofío, ìka mi ò ká a mọ́. Ó dà bí ẹni pé mo tún sin bàbá mi lẹ́ẹ̀kejì.

Bàbá àgbà kan ní Challenge ló yọ mí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, bí ọyẹ́ bá dé, omi inú igi á gbẹ, igi á súnkì. Irin kì í súnkì, ìdí tó fi ń yọrí nìyẹn. Bójò bá dé, igi á tún wú. Kí lo wá ń kánjú sí?" Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń mú ọ̀pá náà le, ọjọ́ mẹ́rin gbáko, títí ọrùn fi padà bọ̀ sípò.

Láti ìgbà náà, bí oṣù kejìlá bá ti wọlé, n kì í gbé gìtá kọ́ ara ògiri mọ́. Inú àpótí rẹ̀ ló ń gbé. Mo dá ihò sára ike ọṣẹ, mo ki fóòmù tútù tí mo ti fún dáadáa sínú rẹ̀, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn gìtá. Omi ò gbọdọ̀ kán sígi o! Bó bá gbẹ, mo tún rẹ ẹ́. Bí irin kan bá ṣì ń gé mi lọ́wọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, etí rẹ̀ nìkan ni mo máa ń fi ayùn kékeré rẹ́.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìkánjú tún gìtá yín ṣe nínú ọyẹ́.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Onígìtá, Àgbowó, Ìbàdàn.