Ẹ Má Ṣe Dínà Mọ́ Ọmọbìnrin Yín

Nínú iṣẹ́ ìgbáyé-gbádùn ẹbí tí mo ń ṣe, àwọn òbí kan máa ń sọ fún mi pé ẹ̀kọ́ nípa ọkàn àti ìṣesí ẹ̀dá kò yẹ ọmọbìnrin Mùsùlùmí. Ọ̀pọ̀ wa tí a ti sùn ní Mínà, ọ̀nà Jẹ́dà ni a gbà débẹ̀. Ní Jẹ́dà yìí ni Ayaba Effat, aya Faisal tí ó padà jọba, ti dá ilé-ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin Dar Al-Hanan sílẹ̀ ní 1955. Ní 1999, kọ́lẹ́ẹ̀jì Effat ṣí. Ó ti di yunifásítì, wọ́n sì ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí gan-an níbẹ̀. Obìnrin, Haifa Jamal Al-Lail, ló darí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kí ni a wá fi ń dínà mọ́ tiwa? Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín kà á.