Káàdì Ọdún Láti Inú Àlòkù Ìwé

Kò sí ilé-kéwú tí àlòkù ìwé kì í pọ̀ sí. Bí sáà ẹ̀kọ́ bá ti parí, ìwé ìdánwò, ìwé tí àwọn ọmọ ti kọ kún, ìwé ìpe wòlímọ̀ tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, gbogbo rẹ̀ á dì jọ sí kọ̀rọ̀ yàrá. Àwọn mìíràn a máa tà á fún ẹlẹ́pà àti alákàrà. Èyí kò dùn mọ́ wa nínú, nítorí a ti rí bébà tí wọ́n kọ Bísímílà sí lórí, tí wọ́n fi di àkàrà, tí ẹni tó jẹ ẹ́ sì sọ bébà náà sí gọ́tà. Láti ìgbà náà ni a ti ń ṣa ìwé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tí orúkọ Ọlọ́hun tàbí ọ̀rọ̀ Al-Kùránì bá wà nínú rẹ̀, a ó sun ún, a ó sì ri eérú rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ kì í tẹ̀. (Kálífà Úsmánù náà dáná sun àwọn àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n kó Al-Kùránì jọ sí ẹ̀dà kan.) Ìyókù ni a fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ káàdì ọdún.

Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé kí ni àfáà ń wá nínú gígún bébà. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ àwọn tó ṣáájú wa ni. Ilẹ̀ Ṣáínà ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Àkọsílẹ̀ wọn sọ pé ní ọdún 105 ni ìjòyè kan tó ń jẹ́ Cai Lun mú bébà tí wọ́n fi èèpo igi, àkísà àti àwọ̀n ìpẹja gbígbó ṣe lọ síwájú ọba. Nígbà tí yóò fi di ìparí ọ̀rúndún kẹjọ, wọ́n ti ń ṣe bébà ní Bàgídáàdì, ìlú àwọn Kálífà ọmọ Abbas. Àkísà aṣọ ọ̀gbọ̀ àti okùn gbígbó ni wọ́n ń gún. Ọ̀pọ̀ ìwé tí a ń fi orúkọ wọn yangàn lónìí, orí aṣọ gbígbó ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹni tó kọ́kọ́ wọ aṣọ náà, ó ṣeé ṣe kó má mọ ìwé kà rárá.

Bí a ti ń ṣe tiwa nìyí. A ó fa bébà ya wẹ́wẹ́, a ó rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú. Bébà dídán kì í rọ̀ bọ̀rọ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ní ọjọ́ kejì, a ó gún un títí yóò fi dà bí ògì, nínú odó tí a yà sọ́tọ̀, kì í ṣe odó iyán. Káfíńtà ti bá wa kan férémù onígi méjì tó dọ́gba, a sì kan nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé mọ́ ọ̀kan. A ó da ògì bébà sínú báàfù omi, a ó rú u, a ó gbé férémù kejì lé èyí tó ní nẹ́ẹ̀tì lórí, a ó tì wọ́n bọ omi, a ó sì gbé wọn sókè lọ́gbọọgba. Ibí yìí ni ọwọ́ ti ń yàtọ̀ sí ọwọ́. Ọmọ tó bá kánjú, tirẹ̀ á nípọn lápá kan, á lu lápá kejì. Ẹni tó bá rọra mì ín síwá sẹ́yìn kí omi tó jò tán, tirẹ̀ á tẹ́jú. A ní ọmọ kan tí kì í lè dáhùn ìbéèrè kan nínú kíláàsì, ṣùgbọ́n níbi báàfù yìí, òun ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bi léèrè.

Lẹ́yìn náà a ó dojú rẹ̀ bo orí aṣọ, a ó gbé pákó àti òkúta lé e kí omi lè jáde, a ó wá sá a sí òòrùn. Bébà tó gbẹ báyìí máa ń fa yíǹkì bí òwú. Nítorí náà a ó fi sítáàṣì ẹ̀gẹ́ pa á lójú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, irú èyí tí àwọn aládìrẹ fi ń ya ọnà sára aṣọ. Bó bá gbẹ, a ó máa fi ara ìgò tẹ̀ ẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́ bọ̀ títí yóò fi dán. Ẹni tó bá fẹ́ àwọ̀, ẹ̀lú àti osùn ń bẹ lọ́jà.

Àwọn òbí kan sọ fún wa pé àṣà onígbàgbọ́ ni káàdì. Lóòótọ́, ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1843 ni Henry Cole ti jẹ́ kí wọ́n tẹ káàdì Kérésì àkọ́kọ́ tí wọ́n tà. Ṣùgbọ́n kíkí kì í ṣe ti ẹnì kan. Ohun tó ń dùn wá ni pé nínú èyí tí a ń rà, ẹlòmíràn ti bá wa sọ̀rọ̀ tán. Ti orí fóònù tún burú jù, ẹnì kan kọ ọ́, ẹgbẹ̀rún ènìyàn ń fi í ránṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń kà á dé ìparí. Òfin tiwa ni pé kí ọmọ ronú ẹni tó ń kí, kí ó sì kọ ọ́ lọ́nà tí ẹni náà lè fi ojú ara rẹ̀ kà.

Ọmọbìnrin kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní ìyá bàbá ní abúlé. Lọ́dọọdún ni àwọn ọmọ màmá ń fi káàdì olówó ńlá ránṣẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ló wà nínú rẹ̀. Màmá á wò ó, wọn á fi há ara ògiri. Gbogbo ilé ti gbà pé màmá kò mọ̀wé. Bẹ́ẹ̀, wọ́n kéwú kọjá Yásínì nígbà èwe wọn, wọ́n sì mọ ànjẹ̀mí, èyíinì ni pé kí á fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ èdè Yorùbá. Àwọn àgbà wa tí a ń kà mọ́ aláìmọ̀wé báyìí kò kéré.

Nígbà tí Iléyá ń bọ̀, a kọ́ ọmọ náà ní ànjẹ̀mí. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi kọ ìlà márùn-ún: ó kí màmá kú ọdún, ó sọ pé òun ti há Súrátù Múlúkì sórí, ó béèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n, ó sì ṣàdúrà. Bàbá rẹ̀ ló ròyìn ìyókù fún wa. Ó ní òun gba káàdì náà láti kà á fún màmá bí ti àtẹ̀yìnwá, òun kò sì lè kà á. Ni màmá bá na ọwọ́ gbà á. Wọ́n sún mọ́ ojú fèrèsé, wọ́n ń fi ìka tọ lẹ́tà láti ọ̀tún wá sí òsì, wọ́n sì kà á sókè dé ìparí. Ọkùnrin náà ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, òun kò gbọ́ kí ìyá òun ka lẹ́tà rí.

Lẹ́yìn ọdún, màmá ránṣẹ́ sí wa. Wọ́n ní ọmọ náà ṣi ọ̀rọ̀ méjì kọ, àwọn ti tún un ṣe. Wọ́n tún ní kí á fún àwọn ní bébà mẹ́ta tí a kò tíì kọ nǹkan sí, nítorí wọ́n ní àbúrò kan ní Ìlọrin tí wọ́n fẹ́ kọ̀wé sí. A fi mẹ́fà ránṣẹ́.