Wáyà Pupa Wo Nínú Méjèèjì?

Láti ọjọ́ tí mo ti fi fídíò Màmá Àgbà han àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ni wọn ò ti jẹ́ kí n gbádùn. Ó jọ pé kò sí ilé tí kò ní kásẹ́ẹ̀tì fídíò kan tó ń gba eruku lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì: ìgbéyàwó, ìkómọjáde, òkú bàbá àgbà. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí: "Wáyà wo ni kí n rà?" Mo ti dáhùn rẹ̀ lórí WhatsApp títí ó fi sú mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí, kí ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde náà lè rí i kà.

Kásẹ́ẹ̀tì tiwa jẹ́ ti ọdún 1996, ọjọ́ ìgbéyàwó àwọn òbí mi. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́, Màmá Àgbà dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọmọ rẹ̀. Oríkì Ìkòyí ni, ó sì tó ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Màmá Àgbà ti kú, kò sì sí ẹnì kan nínú ẹbí wa tó mọ̀ ju ìlà mẹ́fà lọ nínú ohun tó kì lọ́jọ́ náà. Òun ni mo fẹ́ gbé iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi kà. Ẹ sì rántí pé gbogbo ìgbà tí a bá ń lo téèpù ló ń jẹ díẹ̀díẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ohun tí èèyàn fi ń dánra wò. Kásẹ́ẹ̀tì fíìmù kan tí ẹnikẹ́ni ò kà sí ni a fi dán gbogbo wáyà wò kí a tó fọwọ́ kan ti Màmá.

Ẹ̀rọ fídíò wà nílé lọ́dọ̀ màmá mi, èmi wà nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́, nítorí náà orí fóònù ni a ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Ẹ ti wáyà pupa bọ ihò pupa, mà." Màmá mi dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Pupa wo nínú méjèèjì?"

Gbogbo wa la jọ kọ́ ọ pé funfun, dúdú àti pupa ni àwọ̀ tí Yorùbá fi pín ayé, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni ó tó yé mi. Ohun tí a ń pè ní yẹ́lò, pupa ni lójú màmá mi, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń pe ẹni tí ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ẹni pupa. Wọn ò ṣì í. Ni mo bá yí ọ̀rọ̀ padà: "Èyí tó dà bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, àti èyí tó dà bí ata rodo." Kíá ni ó ti yé wọn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń gbé àwòrán. Ata àti funfun ló ń gbé ohùn. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá ṣèèṣì bọ́ sí ihò ata, ẹ ò ní rí àwòrán, ariwo hùn-ùn-ùn lẹ máa gbọ́. Bí ẹ̀rọ àtijọ́ yín bá sì jẹ́ olóhùn kan, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti funfun nìkan ló máa ní. Ẹ má wá ẹ̀kẹta kiri.

Àwọn tẹlifíṣọ̀n kan wà tí kò ní ihò ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́. Ihò aláwọ̀ ewé ló ń ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀. Bí àwòrán bá jáde ní dúdú àti funfun níbẹ̀, ẹ má tíì da wáyà nù. Ẹ fi rìmóòtù yan AV dípò Component. Bí kò bá yí padà, ó lè jẹ́ kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀gbọ́n bàbá yín fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà ni: NTSC ni tiwọn, PAL ni tiwa. Èyí tó ń bí mi nínú jù ni wáyà tí ẹnu rẹ̀ dà bí ti íápíìsì, tó máa ń bá díkódà wá. Ìtò inú rẹ̀ kò dọ́gba láti ilé iṣẹ́ kan sí èkejì, nítorí náà àwọ̀ ara rẹ̀ lè parọ́. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ gbìyànjú ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú ihò ata.

Tẹlifíṣọ̀n tuntun tó wà ní pálọ̀ wa kò tilẹ̀ ní ihò aláwọ̀ kankan, HDMI nìkan ni. Ibẹ̀ ni àpótí kékeré ti wọ̀ ọ́. Ẹ la ojú yín dáadáa bí ẹ bá dé Computer Village ní Ìkẹjà: AV2HDMI wà, HDMI2AV náà wà, wọ́n sì jọra bí ìbejì. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ìkọ̀ọ̀kan ń lọ. Èyí tó ń lọ láti AV sí HDMI ni ti kásẹ́ẹ̀tì. Ó sì ń jẹ iná, nítorí náà ẹ so wáyà USB rẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí àwòrán jáde, ojú Màmá Àgbà fẹ̀ bí ẹni tí oyin ta. Àwòrán 4:3 ni tẹlifíṣọ̀n ti fà dé 16:9. A yí i padà nínú ètò àwòrán, Màmá sì padà di ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ tínrín tí gbogbo wa mọ̀. Màmá mi ò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ní ti wáyà HDMI gan-an, ẹ má jẹ́ kí wúrà ẹnu rẹ̀ tàn yín. Bí àmì bá ti dé pé, àwòrán kan náà ni ẹ máa rí. Ohun tó yẹ kí ẹ wò ni gígùn àti irú rẹ̀. Fún 1080p, High Speed ti tó. Fún 4K ní 60Hz, Premium High Speed tó ń gbé 18Gbps ni. Ultra High Speed tó ń gbé 48Gbps wà fún àwọn ọlọ́lá. Bí ìràwọ̀ wẹ́wẹ́ bá ń tàn lójú àwòrán, tàbí tó ń kú tó ń jí, ẹ fi wáyà kúkúrú pààrọ̀ rẹ̀ wò. Ẹni tó bá sì fẹ́ kí ohùn tẹlifíṣọ̀n gba inú home theatre jáde, ihò tí wọ́n kọ ARC sí lára ni kó lò, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí òjò bá ṣú, ẹ yọ gbogbo rẹ̀, pàápàá wáyà tó ti òrùlé wọlé. Ṣàngó ò mọ HDMI.

Láti gbé e sínú kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ USB kékeré kan tó ní ihò ọ̀gẹ̀dẹ̀, ata àti funfun ni mo lò. Ẹ yan PAL nínú ètò rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Mo ti da ọ̀rọ̀ Màmá kọ dé ìṣẹ́jú kẹjọ báyìí, àwọn orúkọ kan sì wà níbẹ̀ tí màmá mi pàápàá ní láti lọ bi àwọn àgbà ní abúlé. Ẹni tó bá fẹ́ yá ẹ̀rọ yìí lè wá, ṣùgbọ́n kó mú wáyà tirẹ̀ dání. Tèmi ti ń já lẹ́nu.