Ojú Tí Yóò Báni Kalẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú tí yóò báni kalẹ́ kì í tàárọ̀ ṣepin. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa kọ́ wa pé ojú mìíràn wà tí kì í ṣepin rárá, tí kì í pọ́n, tí kì í dun ni, tí ó sì ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni a ṣe mú gègé, kí ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lè fi tiwa kọ́gbọ́n.

Àwa mẹ́fà ni bàbá wa bí. Télọ̀ ni wọ́n lọ́sàn-án. Bí a bá ti kírun àlàásárì tán, wọn a tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọ àdúgbò a sì kó wàláà wọn dé láti wá kọ́ kéú.

Ní ọdún 2011 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàkíyèsí pé bàbá wa ń kọlu nǹkan. Bí wọ́n bá ń jáde lọ kírun àsùbá, wọn a fi èjìká gbá férémù ilẹ̀kùn. Wọn a ta kẹ́tùlù àlùwàlá dànù, kẹ́tùlù tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn gan-an. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kadà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá wọn ní títì. Wọ́n ní àwọn kò rí i àfi ìgbà tí ó dé iwájú àwọn. Àwa ọmọ rẹ́rìn-ín, a ní ogbó ti ń dé. Àwọn ará ilé mìíràn ń sọ ọ́ ní wúyẹ́wúyẹ́ pé ayé ló ń ṣe wọ́n. Nígbà tí ẹni kejì nínú wa ní kí a mú wọn lọ yẹ ojú wò, wọ́n gbé awò tí wọ́n rà lọ́wọ́ oníkiri bojú, wọ́n ṣí Àlùkùránì, wọ́n ka odidi ojú ìwé kan fún wa. Wọ́n ní, "Ojú tí mo fi ń ka lẹ́tà wínníwínní báyìí, kí ni ẹ ní ó ṣe é?" Ẹnu wa wọ̀.

Ṣọ́ọ̀bù ni àṣírí ti tú, ní ọdún 2012, nígbà tí ìránṣọ Ìtúnu Ààwẹ̀ pọ̀ nílẹ̀. Kòkòrò kan bà lé ojú òsì wọn, wọ́n sì fi ọwọ́ bò ó. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ṣókùnkùn. Wọ́n ṣí ọwọ́, ìmọ́lẹ̀ padà. Wọ́n tún bò ó, òkùnkùn tún dé. Ìgbà náà ni wọ́n tó mọ̀ pé ojú òsì nìkan ni ó ti ń ríran fún wọn. Ojú ọ̀tún ti lọ, wọn kò sì mọ ọjọ́ tí ó lọ.

A gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ojú. Dókítà kán oògùn sí wọn lójú kí ọmọlójú lè fẹ̀, ó fi iná wo ẹ̀yìn ojú, ó sì wọn ìfúnpá inú rẹ̀. Ó ní àìsàn tí wọ́n ń pè ní glaucoma ni. Ó ṣàlàyé pé omi kan wà nínú ẹyin ojú tí ó ń sun, tí ó sì ń ṣàn jáde. Bí ọ̀nà tí ó ń gbà jáde bá dí, ìfúnpá a ga, iṣan tí ó ń gbé ìran lọ sí ọpọlọ a sì máa kú. Ìríran ẹ̀gbẹ́ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ lọ, ti àárín ni ó ń gbẹ̀yìn. Ìdí nìyí tí bàbá wa fi ń ka Àlùkùránì, tí wọn kò sì rí kẹ́tùlù. Èyí tí ó bá ti lọ kì í padà mọ́. Oògùn tàbí iṣẹ́ abẹ kàn lè dáàbò bo èyí tí ó kù ni.

Lẹ́yìn náà ni dókítà béèrè pé, "Bàbá, ọmọ mélòó ni ẹ bí? Kí gbogbo wọn wá." Ó ní àìsàn náà a máa rìn nínú ẹbí, ó sì máa ń tètè mú àwa aláwọ̀ dúdú ju àwọn ẹlòmíràn lọ.

Àkọ́bí wa kọ̀. Ọmọ ọdún 36 ni nígbà náà, awakọ̀ ni. Ó ní ojú òun kò ṣe òun ní nǹkan kan, kí a má fi àìsàn lọ òun. Oṣù méjì ni a fi bẹ̀ ẹ́. Ìyá wa ni wọ́n sọ gbólóhùn tí ó gbé e dìde: "Bàbá rẹ náà sọ bẹ́ẹ̀." Ó lọ, wọ́n sì bá a níbẹ̀: ìfúnpá ojú rẹ̀ ti ga, iṣan ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti ń kán oògùn lójoojúmọ́. Ó ń wa ọkọ̀ rẹ̀ títí di òní.

Àbíkẹ́yìn wa, ọmọ ọdún 9, ni ó tún yà wá lẹ́nu. Kò lè ka ju ìlà kejì lọ lára pátákó lẹ́tà tí wọ́n gbé kọ́ ògiri. Ọmọ yìí ni wọ́n ń pè ní olódo nílé ìwé. Òun náà ni bàbá wa ń nà jù ní ilé kéú, nítorí pé kì í rí ohun tí wọ́n bá kọ sára ògiri kà. Ó kàn ń ṣẹ́jú ni. Ọjọ́ tí ó gba awò rẹ̀, ó gbójú sókè wo mọ́ṣáláṣí àdúgbò, ó ní, "Ṣé ẹ̀rọ gbohùngbohùn mẹ́rin ni ó ti wà lókè yẹn látọjọ́ yìí?" Bàbá wa pè é sọ́dọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n ní, "Ojú rẹ ni ó yẹ kí n wò, kì í ṣe ẹgba ni ó yẹ kí n mú. Foríjì mí." A kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu wọn rí.

Ẹ má ṣe rò pé ilé wa nìkan ni. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàrin ọdún 2005 sí 2007 fi hàn pé nínú àwọn tí wọ́n ti pé ọdún 40 sókè, nǹkan bí 4 nínú 100 ni kò ríran mọ́, ó sì ju 4 lọ nínú 5 wọn tí ohun tó fọ́ wọn lójú ṣeé dènà tàbí ṣeé wò sàn. Nǹkan bí ẹnì 1 nínú 20 ni ó ní glaucoma. Ó ju 9 lọ nínú 10 wọn tí kò mọ̀.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ti pé ọdún 40 kí ó lọ yẹ ojú rẹ̀ wò, kí ó sì máa padà lọ ní ọdún kan tàbí méjì síra. Ẹni tí òbí tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ bá ní glaucoma kò gbọdọ̀ dúró de ọdún 40. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, ọdọọdún ni. Kí ọmọdé yẹ ojú wò kí ó tó wọ ilé ìwé. Bí ẹ bá rí funfun nínú ọmọlójú ọmọ, tàbí tí ojú rẹ̀ méjèèjì ń wo ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ má fi falẹ̀. Ojú tí kò bá kọ́ ìríran ní kékeré, ó ṣòro kí ó tó kọ́ ọ lágbà. Ìtọ̀, omi ṣúgà àti omi ọmú kì í ṣe oògùn ojú. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún oògùn tí a kàn rà ní kẹ́míìsì, nítorí àwọn kan wà nínú wọn tí ó ń gbé ìfúnpá ojú sókè bí a bá lò ó pẹ́.

Àwọn kan ń dá oògùn wọn dúró nínú Rámádánì, nítorí ẹ̀rù pé bí adùn rẹ̀ bá dé ọ̀fun, ààwẹ̀ yóò bàjẹ́. Bàbá wa bi dókítà, ó sì to oògùn náà sí àsìkò sáàrì àti lẹ́yìn ìṣínu. Ó tún kọ́ wọn pé kí wọ́n fi ìka tẹ igun ojú tí ó súnmọ́ imú bí wọ́n bá ti kán an tán, kí ó má bàa ṣàn lọ sí ọ̀fun.

Àwọn mìíràn yóò ní kádàrá ni. A gbà. Afọ́jú kì í ṣe ẹni àbùkù lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Abdullah ibn Umm Maktum kò ríran, síbẹ̀ ó wà lára àwọn tí ó ń pèrun fún Ànábì wa ní Mẹ̀dínà. Ṣùgbọ́n Ànábì kan náà ni ó ní kí a máa wá ìwòsàn. Àìbìkítà kì í ṣe kádàrá.

Ojú òsì bàbá wa ṣì ń rí ìwọ̀nba, ṣùgbọ́n kò gbé ìwé kíkà mọ́. Àbíkẹ́yìn wa ni ó ń ka Àlùkùránì sí wọn létí lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbì, pẹ̀lú awò lójú. Bí ó bá ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, wọn a tọ́ ọ sọ́nà láti orí, wọn kì í mú ẹgba. Kí Ọlọ́run Ọba jẹ́ kí ojú gbogbo wa bá wa kalẹ́. Àmín.