Ẹ̀wà Kì Í Ṣe Oúnjẹ Òtòṣì

Níbi ìnáwó lọ́dọ̀ wa, bí abọ́ ìrẹsì bá dé tí ẹran inú rẹ̀ kò tó nǹkan, àlejò á ti máa yọ ṣùtì sí olóde. Ẹran ni iyì. Ẹ̀wà ní tirẹ̀, oúnjẹ ọmọ iléèwé àti ti ìparí oṣù ni wọ́n kà á sí.

Èmi ò fara mọ́ ọn. Ẹ fa ẹ̀wà tó ń tanná lóko tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, kí ẹ gbọn erùpẹ̀ rẹ̀ dànù. Ẹ ó rí kókó kéékèèké tó so mọ́ gbòǹgbò bí ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ fi èékánná la ọ̀kan: bí inú rẹ̀ bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, iṣẹ́ ń lọ níbẹ̀ nìyẹn. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú kókó náà ń gba náítírójìn inú afẹ́fẹ́, wọ́n ń sọ ọ́ di oúnjẹ fún ẹ̀wà. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀wà kì í fi í béèrè ajílẹ̀ òyìnbó púpọ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀. Màlúù ń kọ́? Bó ṣe ń jẹ àpọ̀jẹ ló ń gùnfẹ̀ mítéènì, gáàsì tó ń mú ayé gbóná. Lọ́dún 2013, FAO, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ṣírò rẹ̀ pé ohun ọ̀sìn ló ni ìdá 14.5 nínú ọgọ́rùn-ún gáàsì amáyégbóná tó ń tọwọ́ ọmọ ènìyàn wá, màlúù ló sì kó èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. (Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni má jẹ ẹran o. Ẹran tí púpọ̀ nínú wa ń rí jẹ kò tó ti ará Amẹ́ríkà rárá.)

Ohun tó ń bí mi nínú ni ohun tí à ń fojú ẹ̀wà rí lẹ́yìn ìkórè. Nítorí kòkòrò tó ń dá a lu, àwọn kan ń da oògùn apakòkòrò sí i nínú àpò. Lọ́dún 2015, àjọ EU fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí oògùn apakòkòrò dichlorvos tí wọ́n bá nínú rẹ̀. Wọ́n dá tiwọn padà. Àwa ń se tiwa jẹ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àpò onípele mẹ́ta wà: ọ̀rá méjì nínú, àpò líle lóde. Bí a bá so ó pinpin, kòkòrò inú rẹ̀ kò ní rí afẹ́fẹ́ mí mọ́, yóò kú láìsí oògùn.

Ẹ̀yin ìyá ẹlẹ́wà, ẹ máa bi àwọn tó ń já ẹ̀wà fún yín léèrè ohun tí wọ́n dà sí i. Àwa tí à ń rà náà, ẹ jẹ́ ká yéé ṣàtakò ẹ̀wà nítorí ihò bíi mélòó kan. Torí pé à ń kọ oníhò ni wọ́n ṣe ń da oògùn sí i.