Ẹṣin Tí Kò Rí Ti Iwájú Wò

Ní Mọ́níyà, lójú ọ̀nà tó ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, òwe ẹṣin pọ̀ lẹ́nu àgbà ju ẹṣin lójú pópó lọ. Kò yani lẹ́nu: eṣinṣin amùjẹ̀ ilẹ̀ igbó kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ láyé. Síbẹ̀, ọmọ ilé-ìwé wo ni kò mọ̀ pé ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré? Abo ẹṣin kan wà ní Amẹ́ríkà tí òwe yìí kò bá mu rárá, nítorí kò rí ti iwájú tí ì bá wò.

Ruffian ni orúkọ rẹ̀. Oṣù kẹrin ọdún 1972 ni wọ́n bí i ní Kentucky, nínú ìran ẹṣin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń sìn fún eré-ìje láti nǹkan bí 300 ọdún. Ó dúdú, ó sì sígbọnlẹ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ sáré, ní oṣù karùn-ún ọdún 1974, ní pápá Belmont ní New York, àlàfo àárín òun àti èyí tó tẹ̀lé e tó gígùn ẹṣin 15. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ló sáré, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ló gbégbá orókè. Ibikíbi tí wọ́n bá ti ka ipò lójú pápá, òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ kà.

Òkìkí yìí ló di ọ̀ràn. Àríyànjiyàn lórí ọkùnrin àti obìnrin gbòde nígbà náà, àwọn èrò sì fẹ́ mọ̀ bóyá abo lè borí akọ. Ní ọjọ́ 6 oṣù keje ọdún 1975, wọ́n fà á kalẹ̀ pẹ̀lú Foolish Pleasure, akọ tó gba ìdíje Kentucky Derby lọ́dún náà. Jacinto Vasquez ti gun àwọn méjèèjì rí. Abo ló yàn. Abo yìí ló ṣíwájú díẹ̀ nígbà tí eegun ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún iwájú ṣẹ́ bí igi gbígbẹ. Vasquez fa ìjánu, ẹṣin kọ̀. Ó ń fi ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ sáré lọ.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí oògùn oorun dá lójú rẹ̀, ó ń ju ẹsẹ̀ nílẹ̀ bí ẹni pé eré kò tíì parí, títí ó fi fọ́ ohun líle tí wọ́n fi di ẹsẹ̀ náà, tó sì tún ṣe ara rẹ̀ léṣe sí i. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ ikú.

Àwọn òǹwòran pe èyí ní akin. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹṣin kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kí wọ́n wá fi òun yanjú àríyànjiyàn ọmọ ènìyàn. Pápá Belmont ni wọ́n sin ín sí, wọ́n kọ imú rẹ̀ sí ibi tí eré ti ń parí. Ní ọdún 2023, nígbà tí wọ́n fẹ́ tún pápá náà ṣe, wọ́n kó egungun rẹ̀ padà sí oko tí wọ́n ti bí i ní Kentucky.